Oníkálukú Ló Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ Orúkọ Rẹ̀ ní Thamesmead

Ní ọjọ́ tí mo dé, tí ẹ̀yin ará Iléṣà kún pálọ̀ mi, tí ẹ ń bi mí pé kí ni mo rí ní Lọ́ńdọ̀nù, òtútù ni mo sọ pé mo rí. Ó ti rẹ̀ mí, ẹsẹ̀ mi wú, ọ̀rọ̀ tó kúrú jù lọ ni mo mú. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn kan ń sọ pé Ìyá Olùkọ́ ti ń gbéra ga, pé ìròyìn òkè òkun kò tọ́ sí etí wa mọ́. Ẹ má bínú. Mo ti sinmi, ẹsẹ̀ mi ti padà bọ̀ sípò, mo sì ní ohun tí mo fẹ́ fi yangàn fún yín.

Ilé tó dúró lórí òpó

Ẹ mọ Fúnmi, àkọ́bí mi, tó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí ó tó tẹ̀lé Dèjì ọkọ rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Ó bí ọmọkùnrin ní ọdún tí ìjọba ológun fagi lé ìbò wa, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ. Nọ́ọ̀sì ni òun, Dèjì ń wa bọ́ọ̀sì.

Lọ́ńdọ̀nù tó wà lọ́kàn mi ni ti inú kàlẹ́ńdà: aago gíga, afárá, ààfin ọba. Ibi tí Dèjì wà mí dé kò jọ ọ́ rárá. Thamesmead ni wọ́n ń pè é, ní ẹ̀bá odò, lẹ́yìn Woolwich. Kọnkéré ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ilé kan dúró lórí òpó bí ẹni tó ń sá fún àgbàrá, òkè ni ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn wà, abẹ́ rẹ̀ ni mọ́tò ń gbà. Adágún omi wà láàárín ìlú, àwọn ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń lé wọn jẹ. Mo bi Dèjì bóyá Lọ́ńdọ̀nù la dé tàbí ibi tí wọ́n ń kó bíríkì Lọ́ńdọ̀nù pamọ́ sí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi kọjá ibi tó yẹ kí ó yà sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo pàdé bàbá òyìnbó kan àti ajá rẹ̀ kékeré lórí àtẹ̀gùn. Mo kí i. Ó bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí mo ń kí. Fúnmi ní n kò ní láti máa kí gbogbo èèyàn níbí. Mo ní bí mo bá kọjá lára àgbàlagbà láìkí i, ta ni yóò gbà pé Ìjẹ̀ṣà ni mí? Mo ń kí i lójoojúmọ́. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé òun ló ń ṣáájú kí mi, ajá náà á sì máa jùrù. Len ni orúkọ rẹ̀, opó ọkùnrin ni. Nígbà tó yá ló wá yé mi pé kì í ṣe ìgbéraga ni kò jẹ́ kí wọ́n máa kí ara wọn. Ojú ló ń tì wọ́n. Wọ́n ń rò pé bí àwọn bá kí ọ, àwọn á dí ọ lọ́wọ́.

Ọkùnrin tó pè mí ní darling

Ọjà Woolwich tù mí nínú. Mo rí iṣu níbẹ̀, mo rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, mo rí ata rodo tí wọ́n tò sínú abọ́ bí ẹni tó to wúrà. Iṣu náà ti rìn jìnnà ju èmi lọ, ó sì hàn lára rẹ̀. Òyìnbó kan tó ń ta tòmátì ń pariwo ọjà rẹ̀ bí ará ọjà Àtàkúnmọ̀sà wa gan-an. Nígbà tí mo dé iwájú rẹ̀, ó ní, "What can I get you, darling?"

Èmi, ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà, tí mo ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kí púpọ̀ nínú yín tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Fúnmi sáré fà mí lápá, ó ní gbogbo oníbàárà ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo tẹ́tí sílẹ̀, òótọ́ ni: ó tún pe ọlọ́pàá kan bẹ́ẹ̀. Mo bá ra tòmátì náà. Kí n má parọ́, ní ọ̀sẹ̀ kejì ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo tún lọ.

Ẹja díndín àti ọ̀dùnkún ni oúnjẹ wọn tó wọ̀ mí lára jù. Wọ́n á da fínígà lé e títí imú á fi máa ta èèyàn, wọn kò sì ní fi ata sí i. Inú báàgì mi ni ata gígún tèmi ń gbé. Mo bù ú lé e ní gbangba, nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn àti mọ́tò sọdá odò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbọ́ mi o, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sọdá, mo padà, mo tún sọdá, Fúnmi dúró sí èbúté pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ojú ń tì í nítorí mi.

Gbọ̀ngàn abẹ́ Tavy Bridge

Lábẹ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù Tavy Bridge, gbọ̀ngàn kan wà tí ẹ lè kọjá níwájú rẹ̀ kí ẹ má fura. Òrùlé rẹ̀ ń jò ní igun kan. Ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn Aládùúrà wa á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wọ sùtánà funfun, wọ́n á kọrin títí ọ̀sán. Láàárín ọ̀sẹ̀, Len àti àwọn arúgbó òyìnbó á ta bíńgò níbẹ̀, wọ́n á mu tíì. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wọn ọmọ tuntun. Fúnmi sọ fún mi pé ní ọdún tí òun kọ́kọ́ dé, tí òun ò mọ ẹnì kan, inú gbọ̀ngàn yẹn ni òun ti kọ́kọ́ gbọ́ tí ẹnì kan kí òun pé "ẹ kú àbọ̀".

Ilé-iṣẹ́ tó ni àwọn ilé náà fẹ́ fi gbọ̀ngàn yìí fún oníṣòwò kan tó fẹ́ máa kó àga àti bẹ́ẹ̀dì sí i. Ṣùgbọ́n ìlànà wọn ni pé bí àwọn ayálégbé tó pọ̀ tó bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí gbogbo ayálégbé dìbò lórí rẹ̀. Fúnmi ló gbé ìwé náà kiri pẹ̀lú oyún nínú. Òyìnbó fọwọ́ sí i, Aládùúrà fọwọ́ sí i, ó sì kó o lọ fún wọn.

Èsì dé nígbà tí mo wà níbẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ránṣẹ́ pe Fúnmi, mo pọn ọmọ tẹ̀ lé e. Níwájú gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀, ọkùnrin náà ní ọwọ́ kan náà ló kọ ọ̀pọ̀ orúkọ inú ìwé, pé ọ̀pọ̀ orúkọ mìíràn kò sí nínú ìwé ayálégbé, pé lójú òun ayédèrú ni. Wọn yóò rán òṣìṣẹ́ láti ilé dé ilé láti yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ni ìpàdé yóò wáyé. Bí ayédèrú bá fi ìdí múlẹ̀, ìwé náà ti kú, òun yóò sì kọ̀wé sí ibi iṣẹ́ ẹni tó gbé e kiri. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kọ́ ayédèrú sí lọ́rùn, ta ni yóò tún fún un ní kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn?

Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà. Ọmọ tí mo tọ́, tí kò mú pẹ́ńsù ẹlòmíràn rí. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jẹun.

Nígbà tí Fúnmi sunkún tán, ó ṣàlàyé. Ohun tó ṣẹlẹ̀, àwa nìkan ló lè ṣe é. Lẹ́yìn ìsìn ló gbé ìwé náà kalẹ̀. Àwọn kan kọ orúkọ tí ìjọ fi ń pè wọ́n: Ìyá Ìbejì, Mother Ẹ́sítérì, Daddy Tóbi. Àwọn baálé ilé sì fọwọ́ sí i fún gbogbo ará ilé wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé. Èyí tó pọ̀ jù ni ti Bàbá Alàgbà, olórí àwọn àgbà ìjọ, tó ti ń tún inú ọkọ̀ ojú irin ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ó kọ ti ara rẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀, ti àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà àti ti àbúrò rẹ̀. Fúnmi dúró tì í, ó ń wò ó.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò dá wọn dúró. Ó ní, "Mummy, ta ni mo jẹ́ tí mo fẹ́ sọ fún Daddy pé kí wọ́n drop bírò?" Èmi ni mo tọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Omi kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀

Obìnrin òyìnbó tí wọ́n rán ń jẹ́ Pauline, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà rẹ̀ kún fún omi òjò. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó kan ilẹ̀kùn káàkiri, kò bá ẹnì kan nílé. Wọ́n wà nílé o. Gbogbo wọn wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Òyìnbó tó gbé fáìlì wá sẹ́nu ọ̀nà, yálà ó wá fún owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n tàbí fún ìwé ìgbélùú, ẹni tó ní ìwé pípé pàápàá kò ní ṣí i.

Mo lọ bá a, mo ní kí a jọ máa lọ. Ó ronú díẹ̀, ó ní mo lè bá òun pe èèyàn, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ dáhùn fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ìyẹn tọ́. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń fi ẹnu sí ihò lẹ́tà: "Ìyá Fúnmi nọ́ọ̀sì ni o, ẹ ṣí fún wa, kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n." Ilẹ̀kùn á sì ṣí wàràwàrà.

Ìjà oúnjẹ ló kàn. Ẹ mọ̀ pé àlejò kì í wọlé wa kí ó jáde bẹ́ẹ̀. Ilé tí a bá dé, wọ́n á gbé ìrẹsì kalẹ̀, wọ́n á gbé mọ́ínmọ́ín, pọ́ọ̀fùpọ́ọ̀fù, gbogbo rẹ̀. Pauline á fà sẹ́yìn. Ó ní òun kò gbọdọ̀ gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tí òun ń yẹ ìwé rẹ̀ wò. Onílé á fa ojú ro, á máa rò pé ó ń yínmú sí oúnjẹ òun. Ní ilé kẹta mo dá ẹjọ́ náà: mo ní omi kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kí ó máa mu omi. Ó gbà. Nígbà tí a ó fi parí ilé ìpele kan, omi ti yó o débi pé a ní láti yà sílé Len kí ó lo ilé ìyàgbẹ́.

Ẹnu ọ̀nà Ìyá Ìbejì ni mo ti kọ́kọ́ fẹ́ràn obìnrin náà. Ó béèrè orúkọ, Ìyá Ìbejì ní, "Ìyá Ìbejì." Pauline wo ìwé rẹ̀, ó mi orí. Mo bi obìnrin náà pé orúkọ wo ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu bí ọmọge. Ó ní, "Ah, Mummy, láti ìgbà tí màámi ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí ní Àyìnkẹ́ mọ́." Pauline ní kí ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀. Ó rí i nínú ìwé ayálégbé. Ó fún un ní bírò, ó sì dúró títí ó fi kọ ọ́ tán, òjò ń pa á lẹ́yìn.

Mo rántí ilé. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, gbogbo wa tò sínú oòrùn, a dìbò, wọ́n sì sọ fún wa pé kò sí ìbò. Níbí, obìnrin kan ń gun àtẹ̀gùn nínú òjò láti mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni Àyìnkẹ́ fọwọ́ sí ìwé nítorí gbọ̀ngàn tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ó dùn mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Pauline rò pé òtútù ni.

Ilé Bàbá Alàgbà

A fi ilé Bàbá Alàgbà ṣe ìkẹyìn. Bàbá jókòó nínú àga rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mummy Ṣadé ni gbogbo wa ń pè é, ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ṣadé fúnra rẹ̀, àgbà nínú àwọn ọmọ, tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ló gba ìwé náà lọ́wọ́ Pauline.

Ó ní, "That's not my writing. Daddy, ìwọ lo kọ ọ́? You never even asked me."

Ìyá rẹ̀ ní kí ó má pe bàbá rẹ̀ ní "ìwọ". Pauline bi ìyá náà bóyá ọwọ́ tirẹ̀ ni. Ó wo ilẹ̀, ó mi orí pé rárá. Pauline fa igi lé gbogbo orúkọ ilé náà, ó ní òun gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ìpàdé, wọn yóò sì bi Fúnmi bóyá ó rí i. Nígbà tí a dìde, Bàbá kò sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Mo sọ fún Fúnmi. Ó ní òun ò ní purọ́, ṣùgbọ́n òun ò ní dárúkọ Daddy níwájú òyìnbó. Mo ní ṣé ó fẹ́ sọ iṣẹ́ rẹ̀ nù ni? Ó ní, "Mummy, ẹ̀yin náà ò ní dárúkọ wọn." Òótọ́ ló sọ, ó sì dá mi lágara.

Ní ọjọ́ kejì mo pọn ọmọ, mo gun òkè lọ sí Lesnes Abbey. Ilé àwọn àlùfáà ayé àtijọ́ ni, igbó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri rẹ̀ kò ga ju ìbàdí mi lọ mọ́, koríko sì hù níbi tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀. Mo gbàdúrà níbẹ̀ bí mo ti mọ̀ ọ́n gbà. Mo sọ fún Ọlọ́run pé bí gbọ̀ngàn bá fẹ́ lọ, kí ó lọ, ṣùgbọ́n kí ó má gbé orúkọ ọmọ mi lọ.

Ìpàdé

Gbọ̀ngàn náà kún. Àwọn Aládùúrà jókòó sí apá kan, àwọn arúgbó òyìnbó sí apá kejì, Len pẹ̀lú ajá rẹ̀ sì wà láàárín. Pauline dìde, ó ní ọ̀pọ̀ orúkọ tí wọ́n rò pé kò sí ni òun ti rí ẹni tó ni wọ́n, òun sì ti gba ìfọwọ́sí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹlòmíràn kọ fún wọn, láìsí wọn, kò sì tíì pé iye tí ìlànà béèrè.

Ọ̀gá náà yíjú sí Fúnmi. Ó bi í bóyá ó rí ẹni tó kọ orúkọ àwọn ẹlòmíràn. Fúnmi dìde. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun rí i. Ọ̀gá ní ta ni? Fúnmi dákẹ́. Ó tún bi í. Mo gbá ọmọ mọ́ àyà.

Bàbá Alàgbà dìde ní ìlà iwájú. Ó kọ́kọ́ na sùtánà rẹ̀. Ó ń da èdè méjèèjì pọ̀, Dèjì ń túmọ̀ fún àwọn òyìnbó.

"Èmi ni. Ọwọ́ mi nìyẹn. Nurse yìí rí mi, kò lè sọ pé kí n stop, nítorí wọ́n tọ́ ọ dáadáa. Níbi tí mo ti wá, tí bàbá bá ti sọ̀rọ̀, ilé ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo ti pẹ́ níbí, mi ò mọ̀ pé everybody ló ní ẹnu tirẹ̀. Tó bá jẹ́ crime, orúkọ mi ni kí ẹ kọ. Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀."

Mo ti rí àgbà tó ń gbèjà ara rẹ̀ rí, ó pọ̀ nílé. Àgbà tó bọ́ sí gbangba láti gba ẹ̀bi kí ọmọ ọlọ́mọ lè lọ lómìnira, n kò rí púpọ̀. Orí mi wú.

Mummy Ṣadé ló kọ́kọ́ dìde. Ó rìn lọ bá Pauline, ó na ọwọ́, ó gba bírò. Ó pẹ́ kí ó tó kọ ọ́ tán. Ṣadé tẹ̀ lé e. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó sì fa àga sẹ́yìn bàbá rẹ̀ kí ó lè jókòó. Àbúrò Bàbá tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà àwọn ará ilé àwọn baálé yòókù. Wọ́n tò dé ẹnu ọ̀nà. Len náà bọ́ sórí ìlà, ẹni tí kò sẹ́ni tó yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Pauline sọ fún un pé tirẹ̀ ti dára. Ó ní òun mọ̀, òun kàn fẹ́ bá wọn tò ni.

Nígbà tí wọ́n tò tán, ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ sí Pauline létí, wọ́n sọ̀rọ̀, ó ní iye náà ti pé, ó sì ń palẹ̀ ìwé mọ́. Mo dìde pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Mo sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi kọ́ ọmọ fún ọgbọ̀n ọdún pé gbangba ló ti sọ ọ̀rọ̀ ayédèrú, kí ó jọ̀wọ́ gbà á padà ní gbangba. Fúnmi ń fa aṣọ mi. Ọkùnrin náà wò mí. Ó dìde dúró, mo gbóríyìn fún un lórí èyí, ó sì sọ níwájú gbogbo wa pé Nurse Olúfúnmiláyọ̀ kò ṣe ayédèrú kankan, pé òun tọrọ gáfárà, pé ìbò yóò wáyé.

Fúnmi sunkún. N kò ní kí ó dákẹ́.

Ìbò

Wọ́n dì í kí n tó padà wálé. Inú gbọ̀ngàn náà ni wọ́n ti dì í. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan mú káàdì rẹ̀ wá, wọ́n ń wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé kan lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sàmì sí ibi tó wù wọ́n, kò sí sójà kankan lẹ́nu ọ̀nà. A borí. Gbọ̀ngàn náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, bí mo ti ń kọ̀wé yìí, wọ́n ṣì ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Èmi jókòó síta pẹ̀lú ọmọ, nítorí n kì í ṣe ayálégbé. Mo rí Bàbá Alàgbà tó jáde, ó dúró de ìyàwó rẹ̀. Ó pẹ́ kí ìyàwó náà tó jáde, ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. Bàbá bi í bóyá ó sàmì sí ibi tí òun wí fún un nílé.

Mummy Ṣadé wò ó, ó wò mí, ó ní, "Daddy Ṣadé, wọ́n ní ìbò ìkọ̀kọ̀ ni."